Ilé Ìdáná Tó Há: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Ṣe Kó Láyè Lójú àti Lára

Ẹsẹ̀ bàtà 6 ni ìbú ilé ìdáná wa n'Íbàdàn, 8 ni òòró rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé mínì fúláàtì rí mọ irú rẹ̀: fèrèsé lúfà kan, síǹkì kan, pẹpẹ oníkọnkéré tó lọ láti ìgun kan dé ìkejì, ó tán. Nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, ìyá mi wá bá wa wẹ ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń gbé omi gbígbóná kọjá, ẹsẹ̀ wọn kọ kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọlọ́run yọ wọ́n, omi náà kò dà sí wọn lára, ṣùgbọ́n epo kún gbogbo ilẹ̀. Bí a ṣe ń nù ún, mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi, ilé ìdáná yìí ló kéré jù." Wọ́n ní, "Kò kéré. Ẹrù tó wà nílẹ̀ ló pọ̀. Ilé ìdáná ìyá tèmi kò tó báyìí, obìnrin mẹ́rin sì ń dáná níbẹ̀ pa pọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn tí Màámi padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ìdáná náà ṣe, ó sì gbà mí ní Sátidé mẹ́rin. A kò wó ògiri kankan, a kò fi íńṣì kan kún ilé onílé, síbẹ̀ èèyàn méjì ń kọjá lára wọn nínú rẹ̀ báyìí láìfara gbún ìkòkò. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, pàápàá fún ẹni tó ń gbé ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò fẹ́ ná owó lé ohun tí yóò fi sílẹ̀ fún onílé lọ́jọ́ tó bá ń kó lọ. Àyè kì í há adìẹ kó má dèé ìdí àba rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó gbogbo ẹrù síta

Ẹ má tíì ra ọ̀dà, ẹ má sì tíì pe káfíńtà. Ẹ mú ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì kó ohun gbogbo jáde, títí kan ohun tó wà lẹ́yìn fíríìjì àti èyí tó wà lábẹ́ síǹkì. Ilé ìdáná gbọ́dọ̀ ṣófo pátápátá. Bí ẹ bá fi ìdajì sílẹ̀, ẹ kò ní rí ohun tó ń jẹ àyè yín, nítorí ojú ti mọ́ ọn lára.

Ẹnu yà mí sí ohun tí mo rí. Ike aísìkirímù 23 ni mo kà, 9 péré ló ní ìdérí. Ẹ̀bùn òde ìnáwó kún àpò méjì: abọ́ tí wọ́n tẹ orúkọ olóògbé sí, tíréè tó ní àwòrán ọkọ àti ìyàwó, ife, asẹ́, kúlà kékeré, bọ́kẹ́ẹ̀tì ìkómọ. Ilé Yorùbá wo ni kò ní irú wọn? A kì í fẹ́ gbé wọn sọnù nítorí ẹni tó pín wọn fún wa, bẹ́ẹ̀ ni a kì í lò wọ́n. Mo mú ohun tí mo mọ̀ pé màá lò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì kó ìyókù fún àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ lójú ọ̀nà wa. Wọ́n ń lò ó dòní.

Ẹ to ẹrù náà sí ọ̀nà mẹ́rin lórí ẹní. Ohun tí ọwọ́ yín ń kàn lójoojúmọ́ máa wà níbi kan: ọbẹ, orógùn, ìkòkò méjì tàbí mẹ́ta, àwo tó tó iye èèyàn inú ilé, iyọ̀, ata gbígbẹ, òróró. Ohun tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ máa wà níbi kejì, bíi blẹ́ńdà àti ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Ibi kẹta ni ti ohun ọdún àti ìnáwó: ìkòkò ńlá, kúlà ńlá, àwo àlejò. Ibi kẹrin ni ti ohun tí kò ní padà wọlé. Èmi fi ọdún iléyá àti Kérésìmesì ṣe òṣùwọ̀n: ohun tí méjèèjì bá ti kọjá lórí rẹ̀ tí mi ò fọwọ́ kàn án, ibi kẹrin ni mo gbé e sí.

Ẹ má fi ìkánjú ju ohun àtijọ́ nù o. Ìṣasùn amọ̀ tí ìyá ọkọ mi fún mi fọ́ létí díẹ̀, mi ò sì lè fi se ọbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí màá gbé e sí, a ó dé ibẹ̀. Ní ti odó, bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹ ń gún iyán, kò yẹ kó wà nínú ilé ìdáná ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ wá ibi tí òjò kò ti ní máa pa á, tí oòrùn kò sì ní máa sá a, nítorí odó igi tó ń tutù tó tún ń gbẹ yóò sán. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni tiwa wà, pẹ̀lú ọmọ odó, mo fi aṣọ bò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ hàn

Bí ẹ kò bá ní ráyè ṣe ìyókù, ẹ ṣe èyí. Bí èèyàn bá wọ yàrá, ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri ni ojú fi ń mọ bí yàrá náà ṣe tóbi tó. Bí àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì bá ti bo ibẹ̀, ojú yóò gbà pé ibi tí ẹrù dé ni yàrá parí sí. Ara pàápàá yóò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìṣirò tèmi: pẹpẹ ìdáná gba ẹsẹ̀ bàtà 2 nínú 6, ó ku 4. Mo to kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ẹsẹ̀ ògiri tó kọjú sí i, ó ku 3. Mo tún to òmíràn síwájú pẹpẹ, ó ku 2. Ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 2 yẹn ni mo ń retí kí ìyá mi gbé omi gbígbóná gbà. Ọ̀nà tí èèyàn ń rìn nínú ilé ìdáná kò yẹ kó dín ní ẹsẹ̀ bàtà 3.

Mo bi Màámi lórí fóònù bí ilé ìdáná ìyá wọn ṣe rí tó fi gba èèyàn mẹ́rin. Wọ́n ní ààrò ló wà nílẹ̀, àti olọ, àti àpótí ìjókòó. Gbogbo ìyókù wà lókè. Àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn, ẹja, ata gbígbẹ, orí àjà ló wà, lókè ààrò gan-an, kí èéfín má bàa jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn. Igbá wà nínú àwọ̀n tí wọ́n so kọ́. Ìkòkò omi wà lẹ́nu ọ̀nà níta. Àwa la kó ohun gbogbo sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àjà ti di síílìn tí a kò lè gbé nǹkan lé mọ́.

Sílíńdà gáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò nípa rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó kan kọ́bọ́ọ̀dù bo tiwọn kí ibẹ̀ lè wuni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni yóò sì kóra jọ sí títí ẹnìkan yóò fi ṣáná. Ìta ni ààyè rẹ̀: lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní ìdúró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó sì jìnnà sí gọ́tà àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ gáàsì kó fi páìpù kọ́pà gba ara ògiri wọlé, kì í ṣe rọ́bà. Bó bá ṣe tán, ẹ po omi ọṣẹ kó hó dáadáa, ẹ fi pa gbogbo oríkèé. Ibi tí ìfófòó bá ti ń wú ni gáàsì ti ń jò. Bí onílé kò bá gbà kí ẹ lu ògiri, ẹ jẹ́ kí sílíńdà wà nínú ilé ní gbangba, nítòsí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, láìfi ohunkóhun bò ó. Gbogbo ohun yòókù nínú àpilẹ̀kọ yìí lè dúró de owó, ṣùgbọ́n ti sílíńdà kò gbọ́dọ̀ dúró.

Omi ló tẹ̀ lé e. Ní àdúgbò tí ẹ̀rọ omi kì í yọ déédéé, a kò lè ní ká má tọ́jú omi. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni mo ní tẹ́lẹ̀. Mo fi dírọ́ọ̀mù kan tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò wọn, ó wọ ìgun lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n síbẹ̀. Ohun tó bá ga, tí kò fẹ̀, ló yẹ ilé tó há. Ìrẹsì, gàrí àti ẹ̀wà náà rí bẹ́ẹ̀: ike onígun mẹ́rin tó ní ìdérí tó dé pinpin dára ju àpò lọ, nítorí ohun onígun mẹ́rin ń fara kan ara wọn láìfi àlàfo sílẹ̀, ike róbótó sì ń fi àyè ṣòfò láàárín. Mi ò gbé àpò ìrẹsì 50 kílò sínú ilé ìdáná mọ́. Inú yàrá ló wà, mo ń bù ú wá díẹ̀díẹ̀. Epo pupa tó tó ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń fi sílé ìdáná, nínú ìgò, kẹ́ẹ̀gì ńlá wà lábẹ́ àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó.

Àlùbọ́sà ń fẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí náà agbọ̀n ni mo so ó kọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Iṣu kò ní iṣẹ́ kankan nínú ilé ìdáná tó há tó sì ń gbóná. Ibi tó tutù tí afẹ́fẹ́ wà ni kó máa gbé.

Fíríìjì wa jáde lọ sí pálọ̀. Ọkọ mi kò fẹ́ ẹ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìdáná, tí kò sì sí àlàfo kankan láàárín òun àti ògiri. Fíríìjì ń fẹ́ àlàfo díẹ̀ lẹ́yìn kí ooru rẹ̀ lè jáde. Níbi tó wà báyìí, ó ń mí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gùn ara ògiri lọ

Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ lọ kí onílé. Èmi lọ bá bàbá onílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo kúnlẹ̀, mo sì ṣàlàyé pé ihò mẹ́jọ péré ni, àti pé màá dí gbogbo rẹ̀ tí a bá ń kó lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa ṣe é lọ.

Ọjà pákó Bódìjà ni mo ti ra pákó. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n là á sí íńṣì 10 ní fífẹ̀, íńṣì 1 ní nípọn, mo sì ní kí wọ́n fá a. Ẹ ṣọ́ra fún pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi ṣe, tí wọ́n ń pè ní MDF. Ojú rẹ̀ ń dán lọ́jà, ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án, yóò wú bíi búrẹ́dì, omi kì í sì í yàgò fún ilé ìdáná. Igi gidi tí wọ́n kùn ní ọ̀dà kò ní dójú tì yín.

Pẹpẹ gígùn méjì ni kí ẹ ṣe, kì í ṣe kúkúrú márùn-ún. Ìlà gígùn kan tó lọ láti ògiri dé ògiri ń fa ojú lọ, ó ń jẹ́ kí ògiri gùn lójú. Àwọn pẹpẹ kéékèèké ń gé e wẹ́wẹ́. Ẹ fi íńṣì 18 sílẹ̀ láàárín pẹpẹ ìdáná àti pẹpẹ àkọ́kọ́, kí orí yín má bàa máa gbá a bí ẹ bá ń gé ẹ̀fọ́, kí blẹ́ńdà sì lè dúró lábẹ́ rẹ̀. Èkejì lè wà ní íńṣì 14 sí ti àkọ́kọ́. Ẹ má gbé pákó kankan sókè iná tààrà. Èmi dá pẹpẹ dúró kó tó kan ibi tí ẹ̀rọ ìdáná wà.

Búlọ́ọ̀kù tó nílé inú ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa, ìṣó lásán kò lè gbé ìkòkò dúró lára rẹ̀. Ẹ ra físà, ìyẹn ike kékeré tó ń di súkúrù mú nínú ihò, àti súkúrù tó bá a mu, kí káfíńtà fi dírìlì lu ihò, kó ti físà bọ̀ ọ́, kó tó de irin tí yóò gbé pákó ró. Lẹ́yìn tó bá dè é tán, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e fún ọjọ́ kan kí ẹ tó to àwo síbẹ̀.

Ibi kan wà tí gbogbo èèyàn ń gbàgbé: òkè ilẹ̀kùn. Láti orí férémù ilẹ̀kùn wa dé síílìn, ẹsẹ̀ bàtà 3 ló ṣófo níbẹ̀. Pákó kan ṣoṣo ni mo gbé síbẹ̀, gbogbo ìkòkò ọdún àti kúlà ńlá ló sì gbà. Èyí ni àjà tèmi. Ìṣasùn ìyá ọkọ mi wà lórí rẹ̀ níwájú, kó máa hàn.

Lábẹ́ pẹpẹ àkọ́kọ́, mo kan ọ̀pá irin kan mọ́ ọn, mo fi ìkọ́ mẹ́wàá sí i. Orógùn, ìjábẹ̀, asẹ́, ṣíbí ìbọbẹ̀ àti ọbẹ wà níbẹ̀ báyìí. Dúróọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ti aṣọ ìnuwọ́.

Ẹ ó bi mí pé ṣé kí pẹpẹ ṣí sílẹ̀ ni àbí kó nílẹ̀kùn. Bí gáàsì ni ẹ fi ń dáná, ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀, nítorí ojú á máa rí ògiri lẹ́yìn àwo, ibẹ̀ á sì dà bíi pé ó jìnnà. Kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn ń gbé ògiri sún mọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ sítóòfù oníkẹrosíìnì tàbí èédú ni, ẹ fi ilẹ̀kùn sí i, nítorí èéfín rẹ̀ kò ní jẹ́ kí àwo mọ́ fún ọjọ́ méjì. Èyí tó bá sì ṣí sílẹ̀, ẹ má kún un dẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́ta ṣófo. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti gbé nǹkan sí ibi tó ṣófo.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fọ ògiri, kí ẹ tó kùn ún

Ògiri ilé ìdáná kì í ṣe bíi ti pálọ̀. A ń dín dòdò níbẹ̀, a ń yọ́ epo, a ń din ata. Ooru ń gbé epo náà lọ lẹ̀ mọ́ ògiri ní tín-ín-rín, ojú kò lè rí i, àmọ́ ọ̀dà mọ̀ ọ́n: kò ní lẹ̀, yóò máa ṣí bí èèpo. Ẹ po ọṣẹ ìfọwo mọ́ omi gbígbóná, ẹ fi kànìnkànìn fọ ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ fi omi lásán ṣàn án, kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi pútì dí ihò, kí ẹ sì fi sánpépà ha ibi tó bá le.

Ní ti àwọ̀, Yorùbá ti bá wa ṣe ìpín rẹ̀ tipẹ́: funfun, pupa, dúdú. Abẹ́ funfun ni gbogbo àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó sì tutù wà, títí kan àwọ̀ fàdákà àti àwọ̀ òfúrufú tó ṣá. Abẹ́ pupa ni àwọ̀ ọsàn, ìyeyè àti ohun gbogbo tó gbóná lójú. Abẹ́ dúdú ni aró, ewéko àti àwọ̀ ilẹ̀ tó jinlẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbé ohunkóhun wọ ilé ìdáná báyìí, ohun tí mo ń bi ara mi ni pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni? Funfun ló gbọ́dọ̀ gba èyí tó pọ̀ jù: ògiri, síílìn, pẹpẹ, àti àwo tó wà lórí pẹpẹ. Funfun ń da ìmọ́lẹ̀ padà, dúdú ń gbé e mì, yàrá tí ìmọ́lẹ̀ bá sì dé gbogbo ìgun rẹ̀ ni ojú ń kà sí ńlá. Pupa lè wà díẹ̀, níbi kan tàbí méjì: agbọ̀n tòmátì, igbá tí wọ́n fín. Dúdú ni kó kéré jù, kó sì wà nísàlẹ̀, nítorí ohun dúdú tó bá wà lókè ń wúwo lórí ẹni.

Àṣìṣe tí mo bá lára ògiri wa wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tó kun ún fi ọ̀dà olóòróró aláwọ̀ ilẹ̀ kun ìdajì ìsàlẹ̀, ó fi èyí tó funfun díẹ̀ kun òkè, kí ìdọ̀tí má bàa hàn nísàlẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìlà yẹn gé ògiri sí méjì, ó sì sọ yàrá tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 di èyí tó ga ní 5. Àwọ̀ kan ṣoṣo láti ilẹ̀ dé òkè ni kí ẹ lò. Ẹ fi funfun tó ju ti ògiri lọ kun síílìn, yóò dà bíi pé ó gbéra sókè. Bí ọ̀nà tó wọ ilé ìdáná bá hàn láti inú, ẹ fi àwọ̀ kan náà kun ún, kí ojú má rí ibi tí ọ̀kan ti parí.

Èmi kò lo funfun báláú. Funfun bí ẹ̀kọ ni mo ní kí wọ́n pò, nítorí funfun báláú ń yí padà bí a bá ń dín nǹkan lójoojúmọ́. Sátìnì ni mo rà, irú èyí tó ń dán díẹ̀ tó sì ṣeé nù, torí ẹ̀múlṣọ̀n lásán ń fa epo mu.

Bí ẹ ó ṣe mọ iye ọ̀dà tí ẹ ó rà nìyí. Ẹ ro ìwọ̀n ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: tiwa jẹ́ 6 àti 8 àti 6 àti 8, ìyẹn 28. Ẹ fi gíga ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: 28 lọ́nà 10 jẹ́ 280. Ẹ yọ ilẹ̀kùn (21), fèrèsé (16) àti táìlì tó wà lókè pẹpẹ (24) kúrò. Ó ku 219, ìyẹn bíi mítà 20 níbùú lóòró. Lítà kan ń kun bíi mítà 10 lára ògiri tó dán, ìgbà méjì la sì máa kùn ún, nítorí náà lítà 4 ló gbà. Gálọ́ọ̀nù kan ni mo rà, ó sì ku ìdajì ife. Ògiri tí kò dán ń mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síílìn ní ọ̀dà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ní ilé yín, tí ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ táìlì, ẹ ra èyí tó tóbi tó sì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì ní kí àwọ̀ ohun tí wọ́n máa fi dí àárín rẹ̀ sún mọ́ ti táìlì náà. Ìlà púpọ̀ ń sọ ògiri di àwọ̀n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìmọ́lẹ̀

Kí ẹ tó ra gílóòbù, ẹ tú lúfà. Èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn, òun náà ló sì yà mí lẹ́nu jù. Gíláàsì lúfà mẹ́wàá tó wà lára fèrèsé wa ti ní epo àti eruku tó nípọn bí ìwé. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rì wọ́n sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, mo fi ìwé ìròyìn nù wọ́n gbẹ. Néẹ̀tì ẹ̀fọn ti di dúdú, mo yọ ọ́, mo ra tuntun. Nígbà tí mo dá gbogbo rẹ̀ padà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé dé ẹsẹ̀ ògiri kejì. Láti ọdún méjì tí a ti ń gbébẹ̀, n kò rí i rí. Ẹ má so kọ́tìnnì mọ́ fèrèsé ilé ìdáná: ó ń dínà ìmọ́lẹ̀, ó ń gba epo sára, iná sì lè ràn án.

Gílóòbù kan ṣoṣo láàárín síílìn kò tó. Ẹ̀yìn yín ni yóò máa ṣíji bo ohun tí ẹ ń gé. Ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ pẹpẹ àkọ́kọ́, kó máa tànmọ́lẹ̀ sórí pákó ìgẹ́fọ̀ọ́. Tiwa ni irú èyí tó ń gba iná pamọ́, nítorí iná ọba kì í dúró dè wá. Ẹ wo ara páálí gílóòbù kí ẹ tó sanwó: èyí tí wọ́n kọ 3000K sí ń pọ́n bí àtùpà, èyí tí wọ́n kọ 6500K sí funfun bí ojúmọmọ. Ìkejì ló bá ògiri aláwọ̀ ẹ̀kọ mu, òun ló sì ń jẹ́ kí èèyàn rí òkúta inú ẹ̀wà. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 ń tàn tó ti àtijọ́ oníwáàtì 60.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: dígí, ilẹ̀kùn àti aṣọ

Dígí kan tó kọjú sí fèrèsé yóò gbé fèrèsé kejì fún yín. Ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú, 3 lóòró ni tèmi, kò sì sí nítòsí iná tàbí síǹkì, kí ooru omi má bàa ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa ń ṣí sínú, ó sì ń gba àyè tó tó ti èèyàn kan. Káfíńtà tú u, ó yí irin rẹ̀ padà, ó ń ṣí síta báyìí. Wákàtí kan ni iṣẹ́ náà gbà. Bí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bá ń kan nǹkan níta, ẹ wo èyí tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹ má yọ ilẹ̀kùn sọnù pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òórùn irú àti ẹja yóò máa bá àlejò jókòó ní pálọ̀.

Abẹ́ pẹpẹ oníkọnkéré kò nílẹ̀kùn, ohun gbogbo ibẹ̀ sì ń hàn. Aṣọ ni mo fi bò ó, tí mo fi okùn ìkọ́tìnnì fà, ní apá tó jìnnà sí ẹ̀rọ ìdáná. Ọjà Gbági ni mo ti ra aṣọ funfun rẹ̀. Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo fi àdìrẹ sí, kí dúdú lè wà nísàlẹ̀ bí mo ṣe wí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni. Wọ́n máa ń ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, sínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń ya ṣíbí sáàárín àwọn òpó náà. Mo rò pé aṣọ yẹn ti ń wá ilé ìdáná kan tí yóò gbé.

Ohun tí ẹ ó fi pamọ́ de ọjọ́ ìkólọ

Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọ̀dà sórí ìdérí gálọ́ọ̀nù, kí ẹ sì da ìyókù rẹ̀ sínú ìgò kékeré tó dé pinpin. Bí epo bá ta sógiri tí kò sì lọ, búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ìgò yẹn ló máa tún un ṣe. Ẹ tọ́jú súkúrù tó ṣẹ́kù, pútì díẹ̀ àti sánpépà kan pẹ̀lú rẹ̀ sínú ọ̀kan nínú àwọn ike aísìkirímù tó ní ìdérí. Pẹpẹ, irin, dígí àti ọ̀pá ìkọ́ yóò bá yín lọ. Ihò mẹ́jọ ni ẹ ó dí, ẹ ó ha ojú rẹ̀, ẹ ó fi ọ̀dà inú ìgò kùn ún, kí ẹ tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún onílé.